Ta ló wà lẹ́yìn múrí?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbádárìgì ni mò ń gbé, mo ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́wọ́. Mo ra lẹ́ńsì kékeré kan tí wọ́n ń há mọ́ ojú fóònù, irú èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Mo rí i pé àwọn ará òkè òkun ń fi irú rẹ̀ ya owó wọn, àwòrán náà á sì dùn ún gbé kọ́ ara ògiri. Mo fi náírà gbìyànjú ẹ̀, owó lásán ló ń jáde. Ìyá mi tún wọlé bá mi níbi tí mo to owó sí lábẹ́ iná, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ní ìyá ayédèrú ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé nǹkan kan wà lára owó wa tó yẹ ní yíyà, àbí lẹ́ńsì mi ni kò lágbára? Ṣé òfin ò sì ní mú mi?"

Àbúrò mi, ìbéèrè mẹ́ta lo dì sínú ẹrù kan: lẹ́ńsì, ọnà, òfin. Lẹ́ńsì ló fúyẹ́ jù nínú wọn. Ohun tí mo rò pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu gan-an ni pé ojú tá a fi ń ná owó lo fi ń yà á. Nígbà tá a bá wà lọ́jà, àwọ̀ àti nọ́ńbà là ń wò, kíá la ti ṣẹ́ ẹ sápò. Ìyá ẹlẹ́ja tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ ò tiẹ̀ wojú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú ló fi mọ̀ pé igba náírà ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Lọ́jọ́ kan mo bi àwọn oníbàárà mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù mi pé ta ló wà lẹ́yìn múrí. Mẹ́ta ní Múrítàlá ni. Iwájú ni Múrítàlá wà, òun náà ló jẹ́ kí ogún náírà máa jẹ́ múrí. Ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹnì kẹrin ronú, ronú, ó ní òun rò pé igi ọ̀pẹ ni. Ohun tí wọ́n ti ń ná láti kékeré o! Nítorí náà, kí o tó da ẹ̀bi sí lẹ́ńsì, bi ara rẹ bóyá o ti wo owó kan rí fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì ronú ohun tó lè rà.

Ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì kúrò lọ́nà. Èyí tó o rà tó. Kí n tó rówó ra ti kámẹ́rà, awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń há sójú ni mo ń gbé síwájú fóònù, mo sì lò ó fún bí ọdún kan. Àlébù irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ ni pé àárín nìkan ló máa ń mọ́, etí á rú. O tún gbọ́dọ̀ sún mọ́ owó náà débi pé òjìji fóònù á fẹ́ bò ó, èémí tó o bá mí sì tó láti mú àwòrán gbọ̀n. Má fọwọ́ mú fóònù náà rárá. Agolo mílíìkì méjì àti pákó pẹlẹbẹ kan lórí wọn ni mo fi ṣe àga fún tèmi. Ṣètò ẹ̀ kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì lẹ́yìn tó o bá tẹ̀ ẹ́ kó tó yà. Jẹ́ kí ojú fóònù àti ojú owó dọ́gba bí ọmọrí àti ìkòkò, torí bí ọ̀kan bá dagun díẹ̀, ìdajì àwòrán á mọ́, ìdajì á ṣú. Lẹ́ńsì ò ní nǹkan míì tó ń bá ọ jà.

Iná lẹjọ́ wà. O ní o to owó sí lábẹ́ iná. Mo fura pé gílóòbù òkè àjà ni, àbí fláàṣì fóònù. Iná tó bá bọ́ sórí owó láti òkè tààrà á pa á kú, bí wọ́n sì ṣe ń tẹ owó ló fà á. Ojú èèyàn tó o ń rí lára náírà, ẹnì kan ló gbẹ́ ẹ sára irin, ilà lẹ́yìn ilà, tóótó lẹ́yìn tóótó. Láyé àtijọ́ ọwọ́ pọ́ńbélé ni, lónìí kọ̀ǹpútà ti ń bá wọn dá sí i. Wọ́n á rọ yíǹkì kún inú ihò ilà wọ̀nyẹn, wọ́n á nu ojú irin náà nù mọ́ tónítóní, wọ́n á wá fi agbára ńlá tẹ bébà mọ́ ọn títí bébà á fi wọnú ihò lọ fa yíǹkì jáde. Tó bá jáde báyẹn, yíǹkì ọ̀hún á ga lórí bébà. Wá ẹgbẹ̀rún náírà tí kò tíì gbó, fi èékánná rìn lórí àwọn ọkùnrin méjèèjì tó wà níbẹ̀, Aliyu Mai-Bornu àti Clement Isong, ọmọ Nàìjíríà méjì àkọ́kọ́ tó ṣe gómìnà Báńkì Àpapọ̀. Ó ń ha èékánná. Ó ga bí ojú ọgbẹ́ tó ti jinná. Iná tó ti òkè wá ò lè fi gíga yẹn hàn ọ́, torí kò jẹ́ kó ní òjìji.

Pa gílóòbù. Fa kọ́tìnì. Dùbúlẹ̀ tọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà, kí iná rẹ̀ máa rá lórí ẹ̀ bí oòrùn aago méje àárọ̀ ṣe ń rá lórí iyanrìn létí òkun, tí ipa ẹsẹ̀ akàn tó kọjá lóru á hàn kedere. Ọgọ́rùn-ún náírà ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Wá ibi tí férémù awò ojú Awólọ́wọ̀ ti kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó o dúró síbẹ̀. Ojú Awólọ́wọ̀ á pòórá. Ilà lo máa rí, àwọn ilà tó ń bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ yí bí ebè ṣe ń bá ẹ̀gbẹ́ òkè yí. Ibi tí ara ti ṣókùnkùn, ilà á sanra. Ibi tó ti mọ́lẹ̀, á máa tín-ín-rín lọ títí á fi já sí tóótó. Kò sí dúdú fífẹ́ẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀, ojú tiwa ló ń bá a pò ó. Lẹ́yìn ojú náà, o tún máa rí ilà mìíràn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó ń yí po láìdáwọ́ dúró, tó ń gun ara wọn kọjá bí irun tí wọ́n dì. Ẹ̀rọ ló fa ìyẹn, pẹlẹbẹ ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Bí tọ́ọ̀ṣì rẹ bá rá dáadáa, ilà agbẹ́nà á dìde, ilà ẹ̀rọ á sùn sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó wá wò ó, ó ní ara aṣọ àdìrẹ ni. Mi ò já a níròó. Àwòrán tó o rí lọ́dọ̀ àwọn ará òkè òkun kò ju èyí lọ.

Owó ọlọ́ràá ní ìyọnu tiẹ̀. Ogún náírà ló kọ́kọ́ kúrò ní bébà lọ́dún 2007, márùn-ún, mẹ́wàá àti àádọ́ta sì tẹ̀ lé e ní 2009. Ó ń dán, iná á ta padà sí ọ lójú. Na áńkáṣíìfù funfun síwájú tọ́ọ̀ṣì, kí o sì máa gbé tọ́ọ̀ṣì náà kiri díẹ̀díẹ̀ títí dídán yẹn á fi kúrò níbi tó o fẹ́ yà. Má ṣe ohun tí mo ṣe o. Mo ní múrí kan tó ti ká bí ewé gbígbẹ, mo fẹ́ kó tẹ́, ni mo bá gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Áyọ́ọ̀nù ò tiẹ̀ gbóná púpọ̀. Múrí sún kì, ó di ohun tó tó sítáǹbù, ojú ọ̀gágun ìlú di ojú ọmọ ọwọ́. Ọ̀rá ni, ooru kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, inú Bíbélì ńlá ni mo máa ń fi owó sí di ọjọ́ kejì, mo sì máa ń gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e lórí.

Mo bi ọ́ nípa ẹ̀yìn múrí. Ladi Kwali ló wà níbẹ̀, amọ̀kòkò, ọmọ Gbagyi láti Kwali nítòsí Abuja, tó kú ní 1984. Nínú gbogbo obìnrin tó wà lára náírà, òun nìkan la mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn Fúlàní tó gbé igbá wàrà lẹ́yìn náírà mẹ́wàá, a ò mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọwọ́ ni Ladi fi ń mọ ìkòkò, kò fi ẹ̀rọ yí i. Á wé amọ̀ lé orí amọ̀, á sì mú ohun ṣóńṣó fi ya alángbá àti ẹja sí i lára kó tó gbẹ. Nígbà tó wá dé ibùdó ìkòkò mímọ tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní ìlú tó ń jẹ́ Suleja lónìí, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ara ìkòkò máa dán bíi dígí, ṣùgbọ́n kò fi àwọn alángbá rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún ọ ni èyí: gbé lẹ́ńsì rẹ sí ọwọ́ obìnrin yẹn àti ìkòkò rẹ̀. Ẹni tó ń fi irin ha ilà sára irin ló jókòó tó ń ya ẹni tó ń fi igi ha ilà sára amọ̀. Oníṣẹ́ ọnà kan ló ń kí èkejì, àwa sì ń fi wọ́n ra omi ọ̀rá. À ń fi wọ́n rà á nígbà kan, kí n wí bẹ́ẹ̀, torí múrí ò ra nǹkan mọ́.

Má fo ọ̀rọ̀ tó wà lára owó náà. Àádọ́ta náírà, tí a tún ń pè ní wasóbíà, gbé iye rẹ̀ ní èdè Haúsá, Yorùbá àti Ìgbò. Sún mọ́ ti Yorùbá. Ìṣirò wà nínú "àádọ́ta": ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, o wá yọ ẹ̀wá kúrò. Ẹni tó bá pè é ti ṣe ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò kó tó pa ẹnu dé. Wo bóyá wọ́n fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, kó o sì jẹ́ kí ìyẹn náà hàn nínú àwòrán. Lára igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún, o máa rí ìkọ̀wé tó dà bíi ti Lárúbáwá. Èyí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn èèyàn wa, ẹlòmíì á ní àdúrà ni, ẹlòmíì á ní wọ́n ti fi ẹ̀sìn kan sínú owó gbogbo wa. Àjàmí ni, èdè Haúsá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Iye owó náà ló sì kọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn owó kéékèèké tí wọ́n tún ṣe ní 2007. Èmi tí mò ń ya fọ́tò, àwòrán ìkọ̀wé yẹn wù mí, ìrù lẹ́tà rẹ̀ máa ń tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

Torí pé Àgbádárìgì lo wà, àǹfààní kan wà lọ́wọ́ rẹ tí àwọn tó wà ní Ìkẹjà ò ní. Owó orílẹ̀-èdè méjì ló ń kọjá lọ́wọ́ wa. Lọ sí Sẹ̀mẹ̀ ní ẹnubodè, ṣẹ́ náírà díẹ̀ sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹranko ló kún ẹ̀yìn sẹ́fà: ràkúnmí lára ẹgbẹ̀rún, ẹja lára ẹgbẹ̀rún méjì, ẹyẹ lára ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, erinmi lára ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ní iwájú, ẹja kan wà tí imú rẹ̀ gùn tó ní eyín lọ́tùn-ún lósì bí ayùn. Àmì báńkì wọn ni, ara òṣùwọ̀n tí àwọn ẹ̀yà Àkan ní Gánà àti Ivory Coast fi ń wọn ìyẹ̀fun wúrà láyé àtijọ́ ni wọ́n ti mú un. Mo fi àwòrán rẹ̀, tí mo ti sọ di ńlá, han apẹja àgbàlagbà kan létí ọ̀sà. Ó wò ó pẹ́, ó ní bàbá òun sọ pé irú ẹ̀ máa ń fa àwọ̀n ya, òun fúnra òun ò rí i rí. Kò yà mí lẹ́nu, torí ẹja náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá létí òkun wa. Owó tuntun ń jáde lọ́jọ́ọjọ́, ẹja tó wà lára rẹ̀ ti lọ.

Bí o bá sì rí owó ẹyọ, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Inú òkun Maldives ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá, ọkọ̀ òkun ló kó o dé etíkun wa. Ní Àgbádárìgì níhìn-ín, o mọ ohun tí wọ́n ń fi rà, mi ò ní kó ọ lọ sí Vlekete, ọjà ẹrú àtijọ́, kí n tó sọ ọ́. Ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn á di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá á di ọ̀kẹ́ kan. Àpò ni ọ̀kẹ́. Ìyẹn ni pé nígbà tá a bá ń sọ pé "ọ̀kẹ́ àìmọye", àpò owó ẹyọ la ṣì ń kà lẹ́nu. Àwọn ará Gánà tiẹ̀ gbé orúkọ rẹ̀ fún owó wọn, owó ẹyọ ni sídì túmọ̀ sí. Sún lẹ́ńsì rẹ mọ́ eyín tó wà lẹ́nu owó ẹyọ, kó o fi iná ẹ̀gbẹ́ kan náà sí i. Wàá rí i pé ilà ló wà níbẹ̀ náà, ọwọ́ èèyàn kan kò sì gbẹ́ ẹ.

Ohun kan wà tó o ń ṣì ṣe tí o kò sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n torí èmi náà ṣe é: owó tuntun lò ń wá. Owó tuntun dára bí o bá fẹ́ kọ́ bí ilà ṣe rí. Lẹ́yìn ìyẹn, wá èyí tó gbó. Àwòrán tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti yà, igba náírà kan ni, tí kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ kan fi ṣe ṣéńjì fún mi. Ìlà tí wọ́n ti ká a kọjá láàárín rẹ̀, yíǹkì ti bó kúrò níbẹ̀, òwú tí wọ́n fi ṣe bébà náà sì ti yọ síta bí irun àyà àgbàlagbà. Epo pupa ti wọ igun kan, ó mọ́lẹ̀ bíi dígí níbẹ̀. Lókè, ẹnì kan ti fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà méje péré ló ṣẹ́kù, ìyókù ti ya lọ. Báírò yẹn ò wọ inú bébà, orí àwọn ilà gíga nìkan ló gùn, ó ń já, ó ń so, bí ọlọ́kadà lórí ọ̀nà tó ní kòtò. Ẹni tó gbẹ́ owó ti ṣe tirẹ̀, àwọn tó ná an náà sì ti ṣe tiwọn. Èmi ò fi dandan lé e pé kí ìwọ náà fẹ́ràn èyí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé mímọ́ tónítóní ni wọ́n ń fẹ́, àwòrán tiwọn sì ń wu èèyàn.

Ẹ̀rù tó ń ba ìyá rẹ kì í ṣe asán. Ọjọ́ burúkú ni a ti rí pẹ̀lú owó. Ní oṣù àkọ́kọ́ àti ìkejì 2023, nígbà tí náírà wọ́n bí ojú, mo gbé ọgọ́rùn-ún náírà sórí ìjókòó ọkọ̀ kan pé kí n yà á, àfi bí gbogbo ọkọ̀ ṣe yíjú sí mi. Ẹnì kan bi mí bóyá mò ń ta á ni. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ ni mò ń sọ fún ọ. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé kéèyàn ba náírà jẹ́, kó kọ nǹkan sí i, kó fi ná ẹni tó ń jó lórí, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí kó máa tà á. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, tàbí méjèèjì. Torí náà má ra owó tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á níbi ìnáwó, má kọ nǹkan sára rẹ̀ kí àwòrán lè dùn, má fà á ya, má rẹ ẹ́ sómi. Èyí tó bá ti bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ ni kó o yà. Ayédèrú ṣíṣe ní òfin tirẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì le ju èyí lọ. Kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí ọ, apá kékeré ni kó o máa yà, kì í ṣe odindi ojú owó. Má tẹ odindi rẹ̀ jáde sórí bébà ní ìwọ̀n tó bá ti owó gidi mu, má sì tẹ iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀. Bí Photoshop bá sọ fún ọ pé òun ò ṣí àwòrán owó kan, má bínú sí kọ̀ǹpútà rẹ, wọ́n kọ́ ọ láti dá owó àwọn orílẹ̀-èdè kan mọ̀ ni. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ síbi ìpàtẹ tàbí tí o fẹ́ máa tà á, lọ bá lọ́yà gidi kó o tó ṣe é.

Lórí títà yẹn, n kò ní tàn ọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ló ń bọ́ mi. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń ya owó, àwòrán méjì péré ni mo tíì tà, olùkọ́ kan ló ra ọ̀kan láti fi kọ́ ọmọ, èkejì, mo rò pé ojú àánú ni wọ́n fi rà á. Bí o bá ń wá owó, má ya owó.

Ní ti ìyá rẹ, má ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn mọ́. Sọ fún wọn pé kí wọ́n tú ṣẹ́tí ìró wọn, kí wọ́n yá ọ ní èyí tó gbó jù níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ojú wọn náà ni kó o ti yà á, létí fèrèsé, ní àárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ṣì ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí o kò tiẹ̀ nílò tọ́ọ̀ṣì. Kó o tó tẹ̀ ẹ́, gbé fóònù fún wọn kí wọ́n wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o bi wọ́n pé níbo ni wọ́n rò pé àbàwọ́n yẹn ti wá. Wọ́n á mọ̀ ọ́n.